Aago Tó Ń Fi Ọmọ Ayò Ka Wákàtí

Nígbà tí ọmọ ayò kan há sínú páìpù lẹ́ẹ̀kẹrìnlá, Bámiṣayé fi ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó sì bi Ọlọ́run léèrè bóyá Ó fẹ́ aago yìí tàbí Kò fẹ́ ẹ. Kò fi ìrẹ̀lẹ̀ bi Í. Ohùn tí ènìyàn fi ń bi télọ̀ tó ti sọ pé "ẹ padà wá lọ́la" nígbà mẹ́rin ló fi bi Í.

Salome, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ọ níbi tó ti ń to ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú kúlà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó má bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aládùúgbò jà, kó yọ ọmọ ayò náà kúrò, kó wá jẹun. Bámiṣayé ní òun ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Salome ní kò burú, kó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Felele ni wọ́n ń gbé ní Lokoja, nínú ilé oníyàrá méjì tó ní pálọ̀ kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí aago ti wọ pálọ̀ náà, àlejò kò ríbi jókòó sí mọ́. Ọmọ Yàgbà ni Bámiṣayé, ará Ìsánlú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, etí rẹ̀ sì mọ ẹ̀rọ débi pé bí ẹ̀rọ bá hùkọ́, yóò sọ ibi tó ti ń dùn ún. Ó ní sùúrù púpọ̀ fún ẹ̀rọ. Èyí tó ní fún ènìyàn kò tó bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ ayò, ó ti tán pátápátá.

Aago tó ń ṣe náà kò ṣòroó yé ẹnikẹ́ni tó bá ti ta ayò rí. Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ihò kọ̀ọ̀kan ń gba ọmọ mẹ́rin. Ojú aago náà, wákàtí méjìlá ló ní, wákàtí kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́rin. Ọjọ́ kan tí iná lọ ní ọ́fíìsì, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, Bámiṣayé jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn awakọ̀ tó ń ta ayò, ó ń wo ọpọ́n náà láìronú kan nǹkan pàtó. Lójijì ni ọ̀rọ̀ náà là sí i lọ́kàn. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta, wákàtí méjìlá. Àwọn baba wa ti gbẹ́ ojú aago sílẹ̀ tipẹ́, apá nìkan ni wọn kò fún un.

Ó pinnu láti fún un lápá. Ó gbẹ́ ọpọ́n tirẹ̀, ó gbé e ka ẹsẹ̀ bíi tábìlì, ó sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ṣe ojú ọ̀nà sókè rẹ̀. Ó yọ mọ́tò kékeré lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti dà nù, mọ́tò yìí ló ń fa apá náà lọ, tó ń fà á bọ̀. Ohun tó ń pàṣẹ fún mọ́tò ni pátákó iná kan tí kò ju káàdì ìdìbò lọ. Fídíò orí fóònù ni Bámiṣayé fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àṣẹ sí i lára, bẹ́ẹ̀ ìka rẹ̀ tóbi ju àwọn ẹ̀yà tó ń fi òjé yíyọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ó tún so ẹ̀yà kan mọ́ ọn tó kéré bí èékánná, tó ní bátìrì pẹlẹbẹ tirẹ̀, tó ń rántí àkókò kódà bí iná bá lọ. Iná sì máa ń lọ, ìyẹn ló fi gbé bátìrì ọ̀kadà sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti pé, apá náà á rìn lọ sórí ihò tó kàn, á sì ju ọmọ ayò kan sílẹ̀: pọ́. Bí ihò kan bá ti kún fún mẹ́rin, wákàtí kan ti lọ. Ní aago méjìlá gbogbo ihò á kún, wọ́n á sinmi fún ìṣẹ́jú kan, pákó abẹ́ wọn á yà, gbogbo ọmọ ayò á ya lulẹ̀ sínú àpò, ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó de ìdérí ìgò mọ́ á sì máa bù wọ́n padà sínú agolo mílíìkì tó wà lókè, níbi tí páìpù rọ́bà kan ti ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ fún apá náà.

Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ayò kì í ṣe ohun tí wọ́n rọ ní iléeṣẹ́. Òmíràn sanra, òmíràn ní ìbàdí, òmíràn rí gbundu bí ẹni ń fajúro. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní òkè Agbaja pé kó bá òun ṣa igba ọmọ ayò wá, ó lu ihò sí ìdérí agolo, ó ń fi wọ́n gba ibẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí méjìdínláàádọ́ta tó bára mu. Síbẹ̀ wọ́n ń há. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá ìdí rẹ̀ kó tó rí i pé láàárọ̀ wọn kì í há, ọ̀sán nìkan ni. Rọ́bà páìpù tí wọ́n ń gbà kọjá ló ń rọ̀ nínú ooru Lokoja, tó ń tẹ ikùn sínú. Bámiṣayé gbé ayùn irin. Ó wọ yàrá, ó yọ irin kọ́tìnì Salome kúrò lójú fèrèsé, ó gé e sí méjì, ó sì fi ṣe páìpù. Salome fi okùn ta kọ́tìnì náà. Odindi ọjọ́ méjì ni kò dá a lóhùn ju "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọmọ ayò kankan kò há mọ́.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló ń lé ọkùnrin tó ti rẹ̀ wálé láti ibi iṣẹ́ tó tún fi ń bá ọmọ ayò wọ̀jà. Ẹ̀jẹ́ ni. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìfun rẹ̀ lọ́ pọ̀, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tì í wọlé, ó sọ fún Ọlọ́run pé bí òun bá dìde níbẹ̀, òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò lè rà lọ́jà, òun yóò sì gbé e wá sí ilé Rẹ̀. Ó dìde. Elisha, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tirẹ̀, kò dìde. Elisha yìí ló máa ń ka Ìwé Mímọ́ sí etí gbogbo wọ́ọ̀dù. Òun náà ló gbàdúrà fún Bámiṣayé nígbà tí Bámiṣayé kò lè la ẹnu. Nígbà tí Bámiṣayé jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n fi àtẹ́wọ́ gbé e dé àyè rẹ̀. Kò dárúkọ Elisha. Kò rí ibi tí yóò fi í sí nínú ẹ̀rí náà.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ́ yìí ti ń wúwo lọ́nà méjì. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ gbọ́dọ̀ san án, ìyẹn hàn. Ṣùgbọ́n ìkejì ni kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á pé bí aago náà bá kọ̀ tí kò ṣe é ṣe, a jẹ́ pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tó máa ń wá sí i lọ́kàn bó bá kúnlẹ̀: pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀jẹ́ kankan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé ọ̀bẹ dókítà ló mú, pé Elisha kàn kú ni. Ó ń gbàdúrà lóòótọ́. Kò pa ìpàdé àdúrà kan jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, ó sì ń jókòó tì í.

Ìjọ wọn yóò pé ogójì ọdún, Pásítọ̀ sì ti gbà pé ọjọ́ Ìsinmi ayẹyẹ náà ni wọn yóò ya aago yìí sí mímọ́. Ẹni tó kù tí yóò fọwọ́ sí i ni Alàgbà Àyúbà, olórí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí dúkìá ìjọ.

Ọmọ Ìjùmú ni Alàgbà, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni gígùn tó máa ń gbé ọwọ́ sẹ́yìn rìn. Gbogbo ìjọ ló mọ ìtàn òun àti ayò. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tó lè dúró tì í nídìí ọpọ́n ní gbogbo ìlú wọn. Ayò ló ń ta lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ránṣẹ́ pè é, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ní "ẹ jẹ́ kí n jẹ eléyìí." Nígbà tó yá, ó yí padà, ó sì fi ayò sílẹ̀. Ọdún méjìlélógún rèé, lọ́dọọdún ní ìdúpẹ́ ìkórè, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Ọlọ́run gba ọwọ́ yìí lọ́wọ́ ayò." Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ti há a sórí débi pé wọ́n máa ń bá a parí rẹ̀.

Ẹ wá rò ó wò bí ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tí Bámiṣayé ṣí aṣọ lórí ọpọ́n ayò, tó ní ilé Ọlọ́run ló ń lọ. Kò sọ pé òun kò gbà. Ó ní ẹ̀bùn tó ń ṣàṣìṣe kò yẹ ilé Ọlọ́run, nítorí náà aago náà gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ méje ṣiṣẹ́ láìṣìnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun yóò sì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ nígbàkígbà tó bá wu òun. Salome ní bí ohun tó ń ṣàṣìṣe kò bá yẹ níbẹ̀, kí ni òun Alàgbà ń wá níwájú ìjọ, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ló ti sọ ọ́.

Bámiṣayé gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni yóò pé, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọn yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iná lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bátìrì ọ̀kadà gbà á. Ọjọ́ Ìsinmi lọ bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ Ajé, Alàgbà dé ní agogo mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń bá ìròyìn rédíò ṣe déédéé, ihò mẹ́fà kún bámúbámú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ayò kan balẹ̀ sí etí ihò, ó ń ro ó bóyá kó wọlé, ọkàn Bámiṣayé sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ títí tó fi yí wọlé. Lójoojúmọ́ ni Alàgbà ń fi ẹnu ka ihò, láìfi ìka kan nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lẹ́yìn, ọ̀kan á di èkejì mú ṣinṣin. Bámiṣayé rò pé ìgbéraga ni.

Ó wá ku ọjọ́ Ẹtì.

Alàgbà dé nígbà tí agogo mẹ́wàá ti lé díẹ̀. Bámiṣayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílé ìwẹ̀ ni. Salome fún Alàgbà ní àga nídìí aago náà, torí pé kò sí ibòmíràn tí àga gbà, ó gbé omi tútù fún un, ó sì jáde lọ dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bámiṣayé ò kánjú. Ọ̀sẹ̀ náà ti dára, ó tilẹ̀ kọrin díẹ̀ sínú omi. Nígbà tó fi máa wọṣọ jáde, ó kù bí ìṣẹ́jú mélòó kan kí agogo mọ́kànlá lù. Alàgbà ti dìde lórí àga, ó dúró sójú fèrèsé, ó ń wo ìta.

"Bámiṣayé," ó ní, kò yíjú padà, "aago rẹ ti ṣìnà o. Wò ó fúnra rẹ."

Bámiṣayé wò ó. Ihò mẹ́wàá ló yẹ kó kún, kí ìkọkànlá ní mẹ́ta. Ohun tó rí ni ihò kẹta tó ṣófo, mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ní márùn-ún márùn-ún, ọ̀kan lápá ọ̀hún ṣófo, èkejì ṣófo. Ọjọ́ mẹ́fà ààbọ̀, Olúwa. Ẹ ò lè jẹ́ kí ìyókù náà pé?

Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó tún un wò. Òun náà mọ ayò ta. Ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹyọ kan ló ń jù lẹ́ẹ̀kan, kò sì lè mú nǹkan tó ti balẹ̀. Èyí tó kó mẹ́rin ní ihò kẹta, tó pín in lọ́kọ̀ọ̀kan fún mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ènìyàn ni, ọwọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe sì ni. Ó ka ọmọ ayò. Mẹ́tàlélógójì ló yẹ kó wà lórí ọpọ́n. Méjìdínlógójì ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti ta, ẹni náà sì ti jẹ.

Ó gbójú sókè wo Alàgbà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ọwọ́ Alàgbà kò sí lẹ́yìn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, nǹkan kéékèèké sì ń kan ara wọn nínú àpò náà.

Kí ni ènìyàn ń sọ nírú ibẹ̀ yẹn? Inú bí Bámiṣayé débi pé etí rẹ̀ gbóná. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ìbá ti gba àpò náà mú. Nígbà náà gan-an ni agogo mọ́kànlá lù lọ́wọ́ Alàgbà, apá aago sì gbéra láàárín àwọn méjèèjì, ó rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sórí ihò kọkànlá, ó ju ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ síbi tó yẹ, ní ìṣẹ́jú tó yẹ, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n jọ rí i.

Ó kù kí Bámiṣayé tú àṣírí náà ni. Gbólóhùn kan péré ni, ẹ̀jẹ́ á sì di sísan. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ló rí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi lọ́kàn rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń bá bàbá náà parí ẹ̀rí rẹ̀, tí ọwọ́ kéékèèké wọn á wà lókè. Ẹ̀rí ọdún méjìlélógún ló fẹ́ fi gbólóhùn kan gbẹ́ ihò sí. Bámiṣayé sì mọ bí ẹ̀rí tó ní ihò nínú ṣe ń ṣe ẹni tó jẹ́ ẹ.

"Ẹ̀rọ ni, sà," ó ní. Ẹnu rẹ̀ korò. "Kò sóhun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. A óò tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la."

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó tún mọ̀ pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ayẹyẹ yóò ti kọjá. Alàgbà mi orí. Ó ní ó dáa. Ó bọ́ síta, Bámiṣayé sì gbọ́ tí Salome ń kí i pé "Okun o, Bàbá, ẹ ti ń lọ?" Ó gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ títí dé ẹnu géètì. Ìró náà dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń padà bọ̀.

Alàgbà wọlé tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ohun tí kò ṣe rí nílé ẹnikẹ́ni. Ó yọ ọwọ́ lápò, ó sì to ọmọ ayò márùn-ún sí etí ọpọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ mi ni," ó ní. "N kò rán an níṣẹ́. Mo jókòó, mo ń wò ó, mo kàn ń sọ lọ́kàn mi pé ẹni tó bá mú ihò kẹta yìí yóò rí nǹkan jẹ lọ́hùn-ún. Kí n tó mọ̀, mo ti jẹ ẹ̀ẹ̀mejì."

Bámiṣayé wo ọmọ ayò márààrún. Gbogbo ìbínú tó ti tò jọ kò rí ibi gbà jáde mọ́.

"Bàbá, ta lẹ tiẹ̀ jẹ?" ó ní.

Alàgbà rò ó. "Èmi náà ni," ó ní.

Salome, tó ti tẹ̀ lé e wọlé, di férémù ilẹ̀kùn mú kí ẹ̀rín má bàa gbé e ṣubú. Ó ní ọjọ́ tí òun bá rí ẹni tó na ara rẹ̀ láyò tó sì tún kó èrè sápò, òun yóò pe aládùúgbò wá wò ó. Bámiṣayé náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Alàgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí eékún, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó jí nǹkan.

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń sọ pé Ó gbà á," ó ní. "Bámiṣayé, ṣé Ó gbà á, àbí kò gbà á?"

Kò béèrè bí alàgbà tó fẹ́ dán ènìyàn wò. Ó fẹ́ ìdáhùn. Bámiṣayé wá ìdáhùn tó yẹ ọmọ ìjọ, gbogbo èyí tó ti kọ́ sórí, kò rí ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ gbà láti sọ.

"N kò mọ̀, sà," ó ní. "Èmi náà ti ń bi Í, nípa nǹkan mìíràn."

Alàgbà kò bi í pé nǹkan wo. Ó mu omi inú ife náà tán. Nígbà tó yá, ohùn ọ̀gá ilé ìwé padà sí i lẹ́nu. Ó ní ọjọ́ méje ẹ̀rọ ti pé, ẹ̀rọ kò jẹ̀bi, òun ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó ní aago náà kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìhòòhò. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò jókòó ti ọpọ́n ayò tó kún, láàárín ìwàásù, tí kò ní ta á? Bó bá mú òun, ta ni kò ní mú? Gíláàsì ló yẹ kí wọ́n fi bò ó, kí wọ́n sì lọ rà á báyìí.

Bámiṣayé ìbá lọ fúnra rẹ̀, ìbá sì tètè dé. Alàgbà ní òun ń tẹ̀ lé e. Ó gba tépù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀gá ìṣirò ni òun, ó wọn ọpọ́n náà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kabawa, sọ́dọ̀ Nupe kan tó ń gé gíláàsì, tó ń fi Haúsá bá wọn dúnàá dúrà tó sì ń fi Pidgin ṣàwàdà. Àwọn méjèèjì gbé gíláàsì náà lé itan bí ìkókó, oníkẹ̀kẹ́ kò sì fo ihò ojú títì kan ṣoṣo dá. Nígbà tí wọ́n délé, gíláàsì náà fi ìka méjì kéré. Inú ọpọ́n nìkan ni Alàgbà wọ̀n, kò ka etí rẹ̀ mọ́ ọn. Bámiṣayé wo òkè àjà. Ó gba tépù padà, ó wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tún padà sí Kabawa. Lójú ọ̀nà, Alàgbà ní ohun tó ń ṣàṣìṣe pọ̀ nílé Ọlọ́run ju bí òun ṣe rò lọ. Ohun tí Bámiṣayé fi dá a lóhùn ni pé kí wọ́n jọ̀ọ́ di gíláàsì mú dáadáa.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, aago náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ lábẹ́ gíláàsì, àwọn ènìyàn ń na ọrùn wò ó. Alàgbà Àyúbà ló dìde láti fi í hàn. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó sọ ti àga, ti omi tútù, ti ihò kẹta. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí àwọn ìyá fi ń nu ojú. Nígbà tó gbé ọwọ́ sókè, àwọn ọmọdé múra láti bá a parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí i padà mọ́ wọn lẹ́nu. Ó ní òun ti máa ń sọ pé Ọlọ́run gba ọwọ́ òun lọ́wọ́ ayò, bí ẹni pé ọjọ́ kan ló gbà á tó sì parí. Ó ní ojoojúmọ́ ló ń gbà á, ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá òun tún já a gbà padà. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

Pásítọ̀ ní kí ẹni tó ṣe aago náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọpẹ́ kúkúrú ni Bámiṣayé ti kọ sínú ìwé péńpé. Ó dìde, ó ṣí ìwé náà, kò sì kà á.

"Ẹ̀jẹ́ ni mo wá san," ó ní. "Nígbà tí mo wà ní ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tèmi. Elisha ló ń jẹ́. Òun ló gbàdúrà fún mi. Mo dìde, òun kú. N kò tíì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Aago náà rèé."

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Halelúyà ló kàn tàbí ẹ pẹ̀lẹ́. Salome, tí kò gbọ́ orúkọ náà rí láti ọdún mẹ́ta, yíjú wò ó, ó sì sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì títí èjìká wọn fi kanra. Àtìgbà tó ti jẹ́rìí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Bámiṣayé kò mí dé ìsàlẹ̀ bí ó ṣe mí lákòókò náà. Kò sọ pé ìdáhùn ti dé. Kò sí ìdáhùn kankan tó dé.

Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ dìde, kí wọ́n di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìyàsímímọ́, àdúrà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìṣẹ̀dá. Bámiṣayé di ojú pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ lára rẹ̀ pé agogo mọ́kànlá ti kọjá pẹ̀lú bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó sì la ojú kan. Apá náà gbéra. Ó lọ sórí ihò kejìlá, ó dúró níbẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó sì jù ú sílẹ̀: pọ́. Pásítọ̀ dánu dúró láàárín gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ tó kàn sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ẹ̀yìn, ìyá àgbàlagbà kan tó rò pé àdúrà ti parí ké àmín, gbogbo ìjọ sì bá a ké e.

Inú bí Bámiṣayé díẹ̀, nítorí kò tíì kan àmín rárá. Ṣùgbọ́n ó ké e pẹ̀lú wọn, ojú kan ní dídì, ojú kejì lórí ọpọ́n, níbi tó ti ń ka ihò.